Omi ló pa igi inú ìkòkò mi, ẹ̀bi òtútù kọ́

Ní ìparí Oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín ti yọ́ tán nínú ilẹ̀, mo tú náílọ́nù tí mo fi wé ìkòkò amọ̀ ńlá kan, ìkòkò náà sì pín sí méjì lójú mi. Rosemary tó wà nínú rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi tọ́ igi náà. Ó ti ga tó ìbàdí mi, bí aṣọ bá sì fara kàn án lásán, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á máa ta sánsán. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òórùn mìíràn ló tú jáde, òórùn ojú gọ́tà. Gbòǹgbò tó yẹ kó mọ́, kó sì le dáadáa, ti dúdú. Mo fi ìka méjì fa ọ̀kan, èèpo rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀ tó rin gbingbin, ó ku fọ́nrán tín-ín-rín kan láàárín.

Mo jókòó ti ìkòkò náà, ó dùn mí gan-an. Láti Oṣù Kejì ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé òtútù ló pa á. Ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ti gbẹ, ó ń rẹ̀ dànù bí mo bá fọwọ́ kàn án. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá lọ? Òtútù mú, igi kú, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n òtútù kì í mú kí gbòǹgbò rùn báyìí.

Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ igi nù ní ìgbà òtútù tí wọn kì í yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ewé ni wọ́n máa ń wò. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ọgbà náà ṣe rí

Ọgbà kékeré ni. Ebè méjì wà níbẹ̀, igi ápù kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, koríko díẹ̀, àti ìkòkò méje. Méjì nínú ìkòkò méje yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Rosemary wà ní gbangba, láàárín koríko, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lé e lórí tààrà. Bay, igi tí ewé rẹ̀ nípọn tó sì ń dán, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, ní ẹ̀yìn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, níbi tí ẹ̀kán òjò kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Igi méjèèjì kì í wọ́wé. Bí gbogbo igi yòókù bá dúró ní ìhòòhò ní ìgbà òtútù, tiwọn á ṣì wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí ìrì dídì kọ́kọ́ bo koríko ní Oṣù Kọkànlá, àyà mi já. Mo wá náílọ́nù tó nípọn, mo fi wé ìkòkò rosemary yíká, mo ká etí rẹ̀ sí abẹ́ ìkòkò, mo sì fi okùn dì í pinpin bí ẹni ń di ẹrù ìrìn-àjò. Mo fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi bo ohun ọ̀gbìn, bo ewé rẹ̀. Àwo tó wà lábẹ́ ìkòkò náà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò yọ ọ́ kúrò. Ní ti bay, mo sún un mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, mo bo òun náà láṣọ, mo sì dáwọ́ omi dúró pátápátá. Ẹnìkan ti sọ fún mi rí pé a kì í bomi rin nǹkan ní ìgbà òtútù, mo sì gbà á gbọ́ láìbéèrè ìdí.

Gbogbo Oṣù Kejìlá ni òjò fi rọ̀. Ní àárín Oṣù Kìíní, ojú ọ̀run mọ́, òtútù gidi sì dé: òru mẹ́rin léra wọn tí ìwọ̀n rẹ̀ já sí 6 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewé bay bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ bà jẹ́. Rosemary tẹ̀ lé e. Nígbà tí Oṣù Kejì fi máa parí, méjèèjì ti di igi ìdáná.

Ìka kan nínú iyẹ̀pẹ̀

Orí ìjókòó yẹn ni mo wà nígbà tí Màmá tó ń gbé lójúlé kejì sí wa yọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ọgbà tiwọn, ọwọ́ wọn sì mọ ilẹ̀.

Mo ní, "Ẹ káàsán, Mà. Ẹ wá wo ohun tí òtútù fi ojú mi rí."

Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ rosemary, wọ́n fún un. Omi ń ro láàárín ìka wọn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wá rìn lọ sí ìdí bay. Wọ́n ti ìka bọ inú ìkòkò rẹ̀ dé oríkèé kejì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n nà án sí mi. Eruku ló wà lára rẹ̀, kò sí ọ̀rinrin kankan.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo ti bomi rin èyí kẹ́yìn?"

"Mà, ìgbà òtútù la ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Mo rò pé wọn kì í..."

"Igi tó ní ewé lára, ta ló sọ fún ọ pé kì í mu omi?" Wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìkòkò bay sókè bí ẹni gbé igbá òfìfo. "Wò ó. Ọ̀kan kú sínú omi, òùngbẹ ló ń pa èkejì. O wá kó ẹjọ́ méjèèjì rù òtútù."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mò ń wo ojú ọ̀run, inú ìkòkò ni ohun tó ń pa igi mi wà, èmi náà ni mo sì gbé e síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an

Gbòǹgbò ń mí. Àwọn àlàfo kéékèèké wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń rí èyí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá dí àwọn àlàfo náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, gbòǹgbò á kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ tó fẹ́ràn omi á wá bá a, á sì jẹrà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé á tètè fa omi náà lò, oòrùn á sì fa ìyókù. Ní ìgbà òtútù, igi kì í dàgbà, oòrùn kò lágbára, omi tí òjò dà sínú ìkòkò lónìí lè wà níbẹ̀ títí di oṣù tó ń bọ̀. Náílọ́nù tí mo ká sí abẹ́ ìkòkò ti dí ihò ìdí rẹ̀. Àwo abẹ́ rẹ̀ sì ń gba ìwọ̀nba omi tó bá ráyè jò. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lórí kì í dá òjò dúró. Mo gbẹ́ kànga fún igi tí ìran rẹ̀ ń hù lórí àpáta gbígbẹ létí òkun Mẹditaréníà.

Àṣìṣe kan tún wà tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí mo gbìn ín. Mo kó àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò náà kí n tó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, nítorí gbogbo ayé ló ń sọ pé ó ń jẹ́ kí omi jò. Irọ́ ni. Omi kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú àlàfo ńlá tó wà láàárín àpáàdì, àfi bí iyẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ bá ti kún fún omi tán. Ohun tí àpáàdì ń ṣe ni pé ó ń gbé ibi tí omi ń dúró sí ga sókè, ó ń sún un mọ́ gbòǹgbò. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí omi jò, inú iyẹ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ó ti po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìkòkò tó pín sí méjì náà, omi yẹn kan náà ló ṣe é. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Amọ̀ máa ń fa omi mu, iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ náà sì ti kún. Nígbà tí òru mẹ́rin yẹn dé, ohun gbogbo tó wà nínú ìkòkò wú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ibi tí wọ́n lè wú sí. Láti Oṣù Kìíní ló ti là, okùn àti náílọ́nù ló so ó mọ́ra tí n kò fi mọ̀.

Ti bay ló yà mí lẹ́nu jù. Igi tí kì í wọ́wé ń sọ omi nù láti ojú ewé rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù, pàápàá lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Bí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ bá dì, gbòǹgbò kò lè fa omi tó ti di yìnyín. Ewé ń ná, gbòǹgbò kò rí nǹkan kan rọ́pò. Bí iyẹ̀pẹ̀ náà bá ti gbẹ kí ó tó dì, bíi tèmi, kò tilẹ̀ sí ohun tí ó máa fà nígbà tí ó bá yọ́. Inú ìkòkò tún máa ń tètè dì ju inú ilẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ nìyí, òtútù ń wọlé níbi gbogbo, nígbà tó jẹ́ pé orí nìkan ló ti ń wọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ojú igi méjèèjì fi jọra. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi, bí omi tilẹ̀ yí i ká. Èyí tó wà nínú eruku kò rí omi fà. Ewé kò mọ ìyàtọ̀, ńṣe ló kàn ń gbẹ. Ẹni tó bá wo ewé nìkan lè wá rò pé òùngbẹ ń gbẹ èyí tó ń rì, kí ó tún bu omi sí i.

Bay kò kú tán. Màmá fi èékánná ha èèpo àwọn ẹ̀ka òkè, abẹ́ èèpo náà pọ́n, ó gbẹ. Wọ́n ń ha á bọ̀ nísàlẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tó ku bí ìbú ọwọ́ kan sí iyẹ̀pẹ̀. Ibẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ èèpo. Mo ti na ọwọ́ sí ọ̀bẹ, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kí n má gé ohunkóhun títí tí yóò fi fi ibi tó wà láàyè hàn fúnra rẹ̀.

Mo da omi sí i. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sáré jáde nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àárín kò sì tutù. Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò tó bá gbẹ dé góńgó máa ń kọ omi. Mo gbé odindi ìkòkò náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún nǹkan bíi wákàtí kan, títí tí kò fi yọ ìfófòó mọ́, mo sì gbé e jáde kó jò. Ọ̀sẹ̀ keje ni èéhù mẹ́ta yọ nídìí rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ilẹ̀ kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Aáyù tí mo gbìn ní Oṣù Kẹwàá tilẹ̀ nílò òtútù náà, torí bí òtútù kò bá mú un tó, orí rẹ̀ kì í pín sí wóró-wóró, á kàn di bóòlù kan ṣoṣo. Kale, ẹ̀fọ́ eléwé kan, náà wà níbẹ̀, adùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìrì dídì, nítorí ó máa ń sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì.

Ìgbà òtútù kejì

Mo ra rosemary kékeré mìíràn. Mo po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, apá kan òkúta sí apá méjì iyẹ̀pẹ̀, láìsí àpáàdì kankan nísàlẹ̀. Kí Oṣù Kẹwàá tó parí, mo pààrọ̀ ibùgbé àwọn méjèèjì: rosemary wọ ẹ̀yìn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, níbi tí òjò kò ti ní rí i mú, bay jáde síbi tí òjò lè dé, ní igun tí ọgbà-igi ti dá afẹ́fẹ́ dúró fún un. Ohun kékeré ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni mo kà sí ohun tó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Mo kó gbogbo àwo abẹ́ ìkòkò wọlé. Mo fi àfọ́kù bíríkì mẹ́ta-mẹ́ta gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀ kí ihò ìdí wọn lè rí àyè, mo sì kó àwọn ìkòkò kéékèèké jọ kí wọ́n máa ṣíji bo ara wọn. Náílọ́nù, ara ìkòkò nìkan ló kàn. N kò ká a sí abẹ́ mọ́, n kò sì jẹ́ kó dé ibi ewé.

Aṣọ funfun yẹn, alẹ́ tí ìrì dídì bá fẹ́ sẹ̀ nìkan ni mò ń dà á bò wọ́n, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara ọjọ́ sì ti ń gbóná díẹ̀, mo ṣí i. Ó máa ń sú ènìyàn. Láwọn òwúrọ̀ kan, aṣọ náà á ti le gan-an bí pátákó, ìka mi á sì máa ro mí. Ṣùgbọ́n ewé tó wà lábẹ́ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò rí ìmọ́lẹ̀ tó, ọ̀rinrin á sì mú kí olù hu sí i.

Ọwọ́ mi wá di òṣùwọ̀n mi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá mi ti mọ ìwúwo èyí tó mu omi yó àti ti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ó bá fúyẹ́, mo ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka bá gbẹ, mo dúró de ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí yìnyín nínú iyẹ̀pẹ̀, mo sì bu omi díẹ̀ sí i, kí ó lè rìn wọlé kí alẹ́ tó lẹ́. Láti Oṣù Kejìlá títí dé ìparí Oṣù Kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bomi rin bay, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ti rosemary. Mo tún bomi rin àwọn méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú òtútù ńlá, torí gbòǹgbò tó ti mu tó kí ilẹ̀ tó dì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Òjò dídì bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọn èyí tó wà lórí ẹ̀ka bay kúrò jẹ́jẹ́ kó má baà ṣẹ́ ẹ, mo sì fi ti orí ebè sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ń ṣe bíi kúbùsù fún ilẹ̀.

N kò yege nínú gbogbo rẹ̀. Mo kó ewé gbígbẹ jọ sídìí igi ápù, mo wọ́ ọ jọ mọ́ ara igi náà gan-an, mo rò pé mò ń ṣe é lóore. Eku wọ abẹ́ ewé náà kọ́lé. Nígbà tí mo wọ́ ọ kúrò ní Oṣù Kejì, wọ́n ti jẹ èèpo igi náà yí i ká tó ìdajì. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ yíká pátá ni, ìbá kú, torí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Nísinsìnyí, mo ń fi àlàfo bí ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín ewé àti igi, mo sì ti fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ìdí rẹ̀ ká.

Nígbà tí Oṣù Kẹta tún dé, rosemary kò sọ ju ewé díẹ̀ nù. Mo rọra yọ ọ́ nínú ìkòkò rẹ̀. Gbòǹgbò funfun ti ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kò sì sí òórùn kankan àfi ti ewé rẹ̀.

Bay ti rú ọ̀mùnú tuntun nígbà tí Oṣù Kẹrin wọ ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìrì dídì ṣàdédé sẹ̀, mo sì ti ká aṣọ funfun pamọ́. Ní òwúrọ̀, gbogbo orí ọ̀mùnú náà ti dúdú, wọ́n sì sorí kọ́ bí ewé tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ewé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ wọn kò ní àbàwọ́n kankan. Mo kọ́kọ́ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀: ó tutù níwọ̀n. Mo gbé ìkòkò náà wò: ìwúwo rẹ̀ dára.

Màmá wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà-igi. "Ó dáa. Èyí, òtútù ló ṣe é."

N kò gé e. Ní Oṣù Karùn-ún, ìrudi méjì là nísàlẹ̀ ibi tó dúdú náà, mo sì mú àlùmọ́gàjí, mo gé ibi tó dúdú náà kúrò dé ibẹ̀.